Bí Mo Ṣe Wá Ojútùú sí Ọwọ́ Tó Ń Kú Lórí Máṣíìnì Láàárín Ìlọrin àti Òmù-Àrán

Ẹni tó bá ń gun máṣíìnì lọ sí ọ̀nà jíjìn mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọwọ́ yóò kọ́kọ́ máa ta pinpin, lẹ́yìn náà àwọn ìka yóò kú, débi pé ẹni náà kò ní lè mọ̀ bóyá òun ti di bíréèkì mú dáadáa àfi tó bá fojú wò ó. Irúgbìn àti oògùn oko ni mò ń tà. Ìlọrin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi ń gbé ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ní Òmù-Àrán àti ní àwọn abúlé tó wà lápá Ìsánlú-Ìsìn, máṣíìnì ni mo sì fi ń gbé ọjà lọ bá wọn. Nígbà tí ọ̀ràn náà le, ọwọ́ mi méjèèjì máa ń kú kí n tó dé ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìdòfìàn, tó jẹ́ nǹkan bí 20 kìlómítà péré sí Ìlọrin. Mo ń kọ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń gun máṣíìnì ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí, pé kí ènìyàn máa gbọn ọwọ́ nù kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tí kò mọ ohun tó dì mú kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé níwájú ọkọ̀ akẹ́rù.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ni mo kọ́kọ́ lọ rí, nítorí pé ọwọ́ kíkú lè wá láti inú ara fúnra rẹ̀, kí máṣíìnì má sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí mo ṣe ń ròyìn pé ọwọ́ mi ń kú, dókítà náà dá mi dúró, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìka wo gan-an ló ń kú?" Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ náà là. Ní ọwọ́ ọ̀tún mi, àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ló ń kú. Ní ọwọ́ òsì, ọmọńdinrín àti ẹ̀gbẹ́ kan lára ìka tó tẹ̀ lé e ni. Ọwọ́ méjèèjì ń kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ọ̀tún kọ́ ló ń pa òsì.

Bó ṣe là á yé mi nìyí. Iṣan ìmọ̀lára tó ń ṣiṣẹ́ fún àtàǹpàkò, ìlábẹ̀, ìka àárín àti ìdajì ìka òrùka máa ń gba inú ihò tóóró kan kọjá ní ọrùn ọwọ́. Egungun ló wà nísàlẹ̀ ihò náà, awọ líle kan tó dà bí ọ̀já sì dè é lókè. Iṣan mẹ́sàn-án mìíràn tí a fi ń ká ìka ló tún jọ há mọ́ inú rẹ̀. Bí ọrùn ọwọ́ bá wà ní kíká fún ìgbà pípẹ́, tàbí tí ènìyàn bá di nǹkan mú gírígírí láìtú ọwọ́ sílẹ̀, àyè inú ihò náà yóò fún mọ́ iṣan ìmọ̀lára yẹn, ìka yóò sì kú. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fún máṣíìnì níná, a kì í sì í lè gbé e kúrò lójú ọ̀nà, nítorí náà òun ni irú ìyà yìí sábà máa ń jẹ. Iṣan kejì, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọńdinrín àti ìdajì ìka òrùka tó kù, máa ń gba ẹ̀yìn ìgúnpá, ibi tí ènìyàn máa ń fi gbá ara ògiri tí gbogbo apá á fi dùn ún wọnú ìka. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gba ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, ní apá ọmọńdinrín, wọ inú ọwọ́. Ẹni tó bá gbé ìwúwo ara rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ lórí irin ìdarí, iṣan yìí ló ń tẹ̀ mọ́ irin.

Dókítà náà ní kí n fi ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì kan ara wọn, kí ìka dojú kọ ilẹ̀, kí n sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Kí ìṣẹ́jú náà tó pé, àwọn ìka ọ̀tún ti ń ta pinpin. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi láti fi yẹ ṣúgà wò, nítorí pé àtọ̀gbẹ máa ń ba irú iṣan bẹ́ẹ̀ jẹ́ láìjẹ́ pé ènìyàn gun ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò sí àtọ̀gbẹ lára mi. Ó bi mí bóyá ìka mi máa ń funfun nígbà òtútù, torí pé ẹ̀rọ tó ń gbọn ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ba òpó ẹ̀jẹ̀ inú ìka jẹ́. Ó tún yẹ ìdí àtàǹpàkò mi wò bóyá ẹran ibẹ̀ ti ń gbẹ. Ọ̀kan nínú ìkìlọ̀ rẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ka èyí dì mú: bí apá kan bá ṣàdédé kú, tí ẹnu sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já geere mọ́, kì í ṣe ọ̀ràn máṣíìnì rárá. Rọpárọsẹ̀ lè ni, ilé ìwòsàn sì ni kí wọ́n sáré gbé ẹni náà lọ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi lọ ní Gánmọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ṣùgbọ́n Àlfáà ni gbogbo wa ń pè é. Máṣíìnì tèmi jẹ́ 125, bíi ti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó wà lójú ọ̀nà wa, písítìnì kan ṣoṣo ló sì wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, písítìnì náà ń lọ sókè sódò ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí písítìnì ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí yóò máa lọ ní òdìkejì láti pa gbígbọ̀n náà. Gbígbọ̀n díẹ̀ kò lè ṣe kó má sí. Ohun tí à ń wá ni èyí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àlfáà kọ́kọ́ gbé máṣíìnì náà dúró láìfi sí jíà, ó ń fún un níná díẹ̀díẹ̀, èmi sì di irin ìdarí mú. Ó débì kan, gbogbo rẹ̀ gbọ̀n rìrì. Ó kọjá ibẹ̀, ó tún rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gùn ún jáde, nígbà tó sì dé eré tí mo sọ pé ó ti máa ń gbọ̀n jù, ó fa kílọ́ọ̀ṣì, ó sì dín iná kù kí máṣíìnì máa fi eré yẹn yí lọ. Gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Ìyẹn fi hàn pé ara ẹ́ńjìnnì ló ti ń wá, nítorí pé ká ní táyà tàbí béárìn ni, yóò ṣì máa gbọ̀n níwọ̀n ìgbà tí àgbá bá ń yí. Àyẹ̀wò yìí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, mo sì rò pé òun ló yẹ kí a máa ṣe kí a tó ra ohunkóhun.

Ó nu ìdọ̀tí àti ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti de ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì pè mí pé kí n wá wò ó. Ní ẹ̀yìn, nísàlẹ̀, eruku pupa kíkúnná kan yí orí bóòtù kan ká, kò sì sí irú rẹ̀ lára àwọn yòókù. Irin tó ń fi ara ha irin ló ń lọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń dípẹtà. Nígbà tó fi sípánà kàn án, nọ́ọ̀tì rẹ̀ yí láìlo agbára. Ó pààrọ̀ bóòtù náà àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó sì tún tú àwọn yòókù díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè jókòó dáadáa sáàyè rẹ̀ kó tó fún gbogbo wọn pọ̀. Bó ṣe ń ṣe èyí ló nawọ́ sí etí irin ìdarí lápá òsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin kékeré tó wúwo tó yẹ kó wà níbí dà? Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o." Àwọn tó ṣe máṣíìnì fi irin náà sí etí méjèèjì kí ìwúwo rẹ̀ lè pa gbígbọ̀n kí ó tó dé ọwọ́. Kò sí ti apá òsì níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ra máṣíìnì náà ní àlòkù. Ó bá mi tú ọ̀kan lára máṣíìnì kan tó ti kú sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ó wo ṣéènì, ó ní ó le jù, ó dẹ̀ ẹ́ kí ó lè máa mì sókè sódò ní nǹkan bí sẹ̀ńtímítà méjì sí mẹ́ta, ó sì fi ọ́ìlì sí i. A dín afẹ́fẹ́ táyà iwájú kù sí iye tí wọ́n kọ sára máṣíìnì.

Apá tó gba sùúrù jù ni ti irin kílọ́ọ̀ṣì àti irin bíréèkì, òun náà ló sì wo ọwọ́ ọ̀tún mi sàn jù. Mo jókòó sórí máṣíìnì bí mo ṣe máa ń jókòó nígbà tí mo bá ń lọ, mo na ìka sórí irin méjèèjì, Àlfáà sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wo apá mi. Ó yẹ kí ìlà kan ṣoṣo lọ tààrà láti ìgúnpá gba ọrùn ọwọ́ dé ìka. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀: irin méjèèjì yọjú sókè, nítorí náà gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ìka lé wọn, ọrùn ọwọ́ mi máa ń ká sẹ́yìn, ti ọ̀tún sì tún ń ká sí i nígbà tí mo bá fún un níná. Ó fi sípánà 10 dẹ bóòtù tó dì wọ́n mú, ó yí wọn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí apá mi fi tọ́, ó sì tún un fún. Ó wá yí irin ìdarí sí ọ̀tún pátápátá, ó yí i sí òsì pátápátá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí, nítorí pé bí wáyà kan bá ti fà jù, máṣíìnì lè fún ara rẹ̀ níná níbi tí ènìyàn ti fẹ́ yà. Ó da ọ́ìlì sínú wáyà kílọ́ọ̀ṣì láti òkè títí ó fi ń kán jáde nísàlẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń fi gbogbo agbára fà sì rọ̀.

Ẹrù mi ló fa èyí tó kù fún ọwọ́ òsì. Páálí irúgbìn àti kẹ́ẹ̀gì oògùn ni mo máa ń dè sẹ́yìn, ẹrù náà sì ń tì mí síwájú títí àyà mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí tánkì, tí àtẹ́lẹwọ́ mi wá di òpó tó gbé mi ró. Mo lọ bá àwọn tó ń jó irin kí wọ́n bá mi fi irin gbọọrọ kún ibi ìgbẹ́rù, kí ẹrù lè jókòó sẹ́yìn díẹ̀ láìtì mí, ṣùgbọ́n kí ó má jìnnà débi tí iwájú máṣíìnì yóò fi fúyẹ́. Kẹ́ẹ̀gì sì kúrò lókè, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀. Ní báyìí, orúnkún ni mo fi ń há tánkì mọ́ra, ẹ̀yìn mi ló ń gbé ara mi ró, ìgúnpá mi sì rọ̀.

Lórí rọ́bà ọwọ́, èrò mi yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń fi tíúbù àlòkù wé e nípọnnípọn. Bí ohun tí a dì mú bá ti nípọn jù, ńṣe ni ènìyàn á tún máa di í mú gírígírí sí i, nígbà tó jẹ́ pé dídì gírígírí ni a ń sá fún. Yàtọ̀ sí èyí, tíúbù tó bá yẹ̀ lápá ọ̀tún lè há iná mọ́bẹ̀. Rọ́bà tuntun tó rọ̀, tó sì wọ irin dáadáa, ni mo rà dípò ti àtijọ́ tó ti gan bí igi. Mo tún ra ìbọ̀wọ́ tó ní tìmùtìmù díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, mo sì yẹra fún èyí tó fún mọ́ ọrùn ọwọ́. Ní àkókò ọyẹ́, ìbọ̀wọ́ yìí tún ní iṣẹ́ mìíràn, nítorí pé òtútù máa ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ inú ìka fún, ìka á sì tètè kú.

Mo tún dín eré kù díẹ̀ kúrò ní ibi tí ẹ́ńjìnnì ti máa ń gbọ̀n jù. Mo máa ń dúró ní Ìdòfìàn, mo tún máa ń dúró ní Àjàṣẹ́-Ìpo, kódà bí kò bá sí oníbàárà tí mo fẹ́ rí níbẹ̀. N óò sọ̀ kalẹ̀, n óò ju apá méjèèjì sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, n óò la ìka n óò sì pa wọ́n dé títí ara wọn yóò fi yá.

Ọwọ́ ọ̀tún mi kì í kú mọ́ kí n tó dé Òmù-Àrán. Ti òsì ṣì máa ń ta pinpin nígbà mìíràn tí ẹrù bá wúwo, pàápàá lọ́nà Ìsánlú-Ìsìn. Dókítà náà fún mi ní ohun tí mo fi ń de ọrùn ọwọ́ ọ̀tún lóru kó má bàa ká nígbà tí mo bá sùn, ó sì ní kí n má fi ìgúnpá òsì ti tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù. Àlfáà ní tirẹ̀ sọ pé nígbàkígbà tí mo bá wá pààrọ̀ ọ́ìlì, òun yóò máa fi sípánà kan bóòtù ẹ̀yìn yẹn kí n tó lọ.