Orúkọ ìdílé mi, kìnnìún méjì àti ₦45,000 tó wọgbó

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù. ₦45,000 ni mo san fún ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní òun máa ń wádìí orúkọ ìdílé, òun á tẹ̀ ẹ́ dáadáa, òun á sì fi sínú fírémù tó ṣeé gbé kọ́ ògiri. Bàbá mi fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, mo fẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tí ẹrù dé, mo bá kìnnìún méjì tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, asà wà láàárín wọn bíi ti àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ "ESUBIYI" gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n wá fún un lédè òyìnbó ni pé Sàtánì ló bí wa.

Díákónì ni bàbá mi o. Mo dojú fírémù náà bolẹ̀, mo sáré lọ ra aago ọwọ́.

Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní ohun tí kọ̀ǹpútà gbé jáde nìyẹn. Kọ̀ǹpútà! Ṣé kọ̀ǹpútà náà ló rí kìnnìún tó ń gbé asà ní Abẹ́òkúta? Inú tó bí mi lọ́jọ́ yẹn ni mo fi sọ pé èmi fúnra mi ni màá wádìí orúkọ yìí débi tó bá parí sí.

Bíbéèrè lórí WhatsApp ẹbí àti wíwá orúkọ kiri lórí Facebook kò gba àlàyé, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò ju pé orúkọ wa ṣọ̀wọ́n. Láti jẹ́lé-ó-sinmi títí mo fi di agùnbánirọ̀, mi ò pàdé Èṣùbíyìí kan tí kì í ṣe ẹbí wa. Bẹ́ẹ̀ Ògúnbíyìí pọ̀, Fábíyìí wà, Adébíyìí sì kún ìgboro. Bákan náà ni wọ́n ṣe hun gbogbo wọn: òrìṣà ilé tàbí ohun tí ìdílé fi ń yangàn lọ́wọ́ iwájú, "bíyìí" lẹ́yìn. Òun ló bí eléyìí. Kí ló wá dé tí tiwa fi dá wà?

Inú ilé wa náà ni ìdáhùn wà. Bàbá tó bí bàbá mi ní àbúrò ọkùnrin méjì. Àwọn ọmọ ọ̀kan ń jẹ́ Olúbíyìí, ti èkejì gé e kúrú, wọ́n ń jẹ́ Bíyìí. Baba kan, orúkọ ìdílé mẹ́ta. Orúkọ wa kì í ṣe orúkọ tí wọn kò bí ọmọ sí, orúkọ tí àwọn ọmọ sá kúrò nínú rẹ̀ ni.

Ohun tó lé wọn kò ṣòro láti mọ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ló ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọ̀tá Ọlọ́run, Èṣù ni wọ́n pè é. Ẹ ṣí Mátíù orí 4, ẹsẹ 1, ẹ ó bá a níbẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Àlùkùránì náà gba ọ̀nà yẹn. Èṣù tó ń gbé ẹbọ lọ sọ́run, tó ń dúró ní oríta àti lọ́jà, tí wọ́n ń bu epo sí lórí yangí, òkúta ojúbọ rẹ̀, tó lè ṣe ẹni lóore tó sì lè dá ẹni lágara, òun ni wọ́n sọ di ọba ibi. Iṣẹ́ ńlá ni Crowther ṣe, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló tú ìdílé wa ká sí mẹ́ta.

Bẹ́ẹ̀ ọba Èkó kan jẹ́ Èṣùgbàyí! Elékòó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ lóyè ní 1925, tí wọ́n lé lọ sí Ọ̀yọ́, tí Herbert Macaulay gbèjà rẹ̀, tí ẹjọ́ rẹ̀ dé London kó tó padà wálé ní 1931. Ní Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pe Èṣù ní Elegguá, ère Jésù ọmọdé ti Atocha ni wọ́n so ó pọ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò sá fún un tó bí àwa tá a jókòó sílé ṣe sá.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Àfi ìgbà tí Bàbá Àgbà, àgbà àwọn Olúbíyìí, pè mí láti Ìbàdàn. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa kiri, pé Eṣú ni, kì í ṣe Èṣù. Ọdún tí eṣú jẹ oko ráúráú ni wọ́n bí baba ńlá wa. Wọ́n ní kí n lọ wo ìwé ìrìbọmi bí mo bá rò pé mo gbọ́n.

Ìwé ìrìbọmi yẹn ló fojú mi rí màbo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, akọ̀wé ìjọ ti lọ síbi òkú. Ìgbà kejì ó wà ńlé, kọ́kọ́rọ́ ni kò sí, ó wà lọ́wọ́ àlùfáà, àlùfáà sì wà ní ìpàdé. Ìgbà kẹta ó ní kí n lọ gba lẹ́tà wá láti ìjọ mi. Mo gbé lẹ́tà dé nígbà kẹrin, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní kò ní òǹtẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, omi ń bọ́ lójú mi bí ọmọdé. Ó gbé omi inú ọ̀rá fún mi, ó ní, "Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni."

Ìgbà karùn-ún, òjò ti ya wọ ọ́fíìsì náà lóru. Gbogbo ìwé tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àti òǹtẹ̀ dí mọ́ mi lójú ló wà lórí ẹní nínú oòrùn, tí ewúrẹ́ ń yọjú wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó bi mí ní lẹ́tà mọ́. Mo lo wákàtí méjì, mo rí i: 1926, àgbẹ̀, "Joseph Eshubiyi". Ẹnì kan ti fi gègé pupa fa ìlà sí "Eshu", ó kọ "Olu" sórí rẹ̀.

Kò sí àmì ohùn. "Sh" yẹn kò yà mí lẹ́nu. Láti 1875 ni àpérò kan ní Èkó ti fọwọ́ sí ṣ tó ní àmì lábẹ́, síbẹ̀ ìwé ẹjọ́ Elékòó ní 1931 ṣì kọ "Eshugbayi". Àmọ́ Èṣù ni àbí Eṣú? Ìrìn márùn-ún, ìwé kò sọ. Mo kàn bi ara mi pé ta ló ń fi gègé pupa lé eṣú jáde nínú ìwé ìjọ? Mo sọ ọ́ fún Bàbá Àgbà. Wọ́n ní akọ̀wé ìgbà náà kò gbọ́n.

Àbúrò bàbá bàbá mi obìnrin ṣì wà láyé, wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún. Gbogbo Àjíǹde ni mò ń gbé búrẹ́dì lọ fún wọn, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí láti bi wọ́n. Mi ò bi wọ́n ní ìtumọ̀ orúkọ o, mo ti gbọ́n díẹ̀. Mo ní, "Màmá, kí ni wọ́n ń bọ nínú agbo ilé yín?"

Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní ìyá bàbá àwọn ti sin ọmọ mẹ́ta kí wọ́n tó ní kó lọ gbé ẹbọ sí oríta. Èyí tó wá dúró ni wọ́n sọ lórúkọ. Yangí wà lẹ́nu ọ̀nà ilé títí wọ́n fi rẹ́ sìmẹ́ńtì bò ó. Wọ́n wá ki bàbá wọn, "Èṣùbíyìí, ọmọ Láaróyè." Oríkì Èṣù ni Láaróyè. Ohùn wọn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gòkè. Eṣú kì í dún bẹ́ẹ̀. Mo gba ohùn wọn sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Bàbá Àgbà gbọ́ ọ, wọn kò fèsì títí di òní.

Ká ní mo mọ̀ ni, ọ̀dọ̀ Màmá ni mi ò bá kọ́kọ́ lọ. Ọ̀fẹ́ ni, búrẹ́dì lásán. Bí orúkọ tiyín náà bá dá wà, ẹ wá obìnrin tó dàgbà jù nílé yín, kí ẹ jẹ́ kó pe orúkọ náà sókè kí ẹ tó gbé ìwé kankan.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n dákẹ́. Lálẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé, "Ṣé wọ́n tún un kì lẹ́ẹ̀kejì?" Mo tẹ fóònù fún wọn.

Ẹni tó gbowó mi kò dá a padà. Ó ní òun lè tún òmíràn tẹ̀ ní ìdajì owó. Mo ní kó yọ àwọn kìnnìún náà kúrò, kó sì fi àmì ohùn sórí orúkọ. Ó ní àmì ohùn ní owó tirẹ̀.