Òfin Tó Ti Kú Lẹ Ń Tọ́ka Sí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Òfin Àyíká Nàìjíríà

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí tí inú ṣì ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé ìwé ẹ̀sùn olójú ewé méjìlá wá bá mi. Ó ti sanwó fún ẹni tó bá a kọ ọ́, ó ti ṣe ẹ̀dà mẹ́jọ, ó sì ti dì í jọ. Ìlà kẹta péré ni mo kà dé tí mo rí "gẹ́gẹ́ bí òfin FEPA ti wí". FEPA! Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká nígbà kan, tí a ti sin láti ọdún pípẹ́ wá.

1. Títọ́ka sí òfin tí wọ́n ti fagi lé. Ní 1988 ni àṣírí pàǹtí olóró tí wọ́n kó wá sí ìlú Koko, ní Delta, láti Ítálì tú. Ìjọba ológun sáré gbé òfin méjì jáde lọ́dún náà: ọ̀kan ka pàǹtí olóró léèwọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni fún ẹni tó bá rú u, èkejì dá FEPA sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè. Òfin 2007 tó dá NESREA sílẹ̀, àjọ tó ń mú kí òfin àyíká fìdí múlẹ̀ báyìí, ló pa èkejì rẹ́. Apá ìparí òfin tuntun ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí pé ó ti pa ti àtijọ́ rẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí ibẹ̀. (Èmi alára tẹ FEPA gàdàgbà sójú ìwé lọ́dún 2009. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.)

2. Gbígbé ẹjọ́ epo rọ̀bì lọ bá NESREA. Òfin tó dá a sílẹ̀ ti yọ epo àti gáàsì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. NOSDRA lẹ ń wá, àjọ tó ń bójú tó epo tó bá dànù láti 2006. Wákàtí 24 ni ilé iṣẹ́ tí epo rẹ̀ dànù ní láti fi tó wọn létí. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fi pẹ́, ìtanràn ₦500,000. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ àti agogo tí ẹ rí epo náà sílẹ̀.

3. Gbígbára lé abala 20 ìwé òfin ilẹ̀ wa nìkan, èyí tó ní kí ìjọba dáàbò bo àyíká. Abala 6(6)(c) ti ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ mọ́ ọn. Ẹ lọ ka ẹjọ́ Gbemre àti Shell, 2005, bí wọ́n ṣe gbé ẹjọ́ gáàsì tí wọ́n ń dáná sun ka orí ẹ̀tọ́ sí ìyè.

4. Kíkọ́lé tán kí ẹ tó rántí EIA, àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ máa ní lára àyíká. Ẹ jókòó o. Láti 1992 ni òfin ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dáwọ́ lé iṣẹ́ láìkọ́kọ́ yẹ ipa rẹ̀ lára àyíká wò. Láìkọ́kọ́! Ṣùgbọ́n ẹ ó ti da ìpìlẹ̀, ẹ ó ti gbé ẹ̀rọ wọlé, ẹ ó wá pè mí lálẹ́ Jímọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wá ìwé yẹn."

Ìwé wo? Oníléeṣẹ́ kan kọ iye tí mo pè, ó lọ ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní ẹ̀dínwó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọ́ dé iwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, oníléeṣẹ́ náà ní kí n bá òun jókòó. Òṣìṣẹ́ náà ṣí ìwé, ó ń kà á sókè: ẹja tó ń sá pamọ́ sí gbòǹgbò igi etí ọ̀sà, bí omi òkun ṣe ń kún tó ń fà. Ibi tí à ń wí yìí, wọ́n gbẹ́ kànga méjì, omi kò jáde! Orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n jí ìwé náà dà kọ ṣì wà lókè ojú ewé mẹ́ta. Oníléeṣẹ́ mi yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. A tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò sì ni a máa ń bu ilẹ̀ àti omi yẹ̀ wò, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kan á ní ₦50,000 sí ₦1,000,000 ni òfin 1992 bu fún ilé iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀, pé àwọn á kúkú san án. Ẹ bi oníléeṣẹ́ mi léèrè iye tó ná sórí ẹ̀rọ tó fi jókòó láìṣiṣẹ́ títí òjò fi dé.

Mi ò kà wọ́n mọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ará ìlú tí wọ́n ti ń wa epo, òfin epo 2021 ní kí ilé iṣẹ́ máa ya ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sọ́tọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n bí páìpù bá bẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín, inú owó yẹn ni àtúnṣe rẹ̀ á ti jáde. Ẹ ka ìwé yòówù tí wọ́n bá gbé wá kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ má sì gba ìwé pé ilẹ̀ ti mọ́ nítorí pé ojú ilẹ̀ náà dà bí èyí tó mọ́. Nígbà tí UNEP, àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, gbé àbọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Ogoni tí epo bà jẹ́ jáde ní 2011, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti bá epo ní mítà 5 nísàlẹ̀, títí kan ibi tí ilé iṣẹ́ epo ti ní àwọn tún ṣe tán. Ọdún 25 sí 30 ni wọ́n fojú bù fún ìmúbọ̀sípò. Ẹni tó bá ní oṣù mẹ́ta ni òun máa fi tún un ṣe, ẹ bi í léèrè bí ọkọ́ rẹ̀ ṣe gùn tó.

Ọmọkùnrin olójú ewé méjìlá yẹn béèrè bóyá òun lè fi Tipp-Ex pa FEPA rẹ́ nínú ẹ̀dà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí òun kọ NESREA sórí rẹ̀. Epo rọ̀bì ló bo oko bàbá rẹ̀.