P-38 tó ń jókòó sórí ìrù, búùmù tó ń wọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

P-38 Lightning ni mo ń sọ o, bàálù ogun Amẹ́ríkà tí Lockheed ṣe, tó kọ́kọ́ fò lóṣù kìíní ọdún 1939. Òun ló ní búùmù méjì, òpó gígùn méjì tó ti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì lọ dé ìrù, tí ilé awakọ̀ wá dá wà láàárín bí ẹni pé wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Mo ti to kíìtì ẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn bàálù kékeré onírọ́bà tó máa ń wà ní pátì-pátì nínú páálí, téèyàn á lẹ̀ pọ̀ fúnra ẹ̀. Ti 1/48 ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn ni pé bàálù gidi gùn jù ú lọ nílọ̀ọ́po 48, ìyẹ́ ẹ̀ fi díẹ̀ gùn ju rúlà ilé ìwé lọ. Ìkíní bàjẹ́ pátápátá, ìkejì wọ́, ìkẹta ló dúró dáadáa. Látìgbà táwọn èèyàn ti rí ìkẹta yẹn ni wọ́n ti ń bi mí ní nǹkan, ohun kan náà ló sì ń pọ̀ jù, ni mo bá kó o jọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo to tèmi tán, mo kùn ún, mo lẹ táyà mọ́ ọn, bí mo ṣe gbé e sórí tábìlì báyìí ló bá jókòó sórí ìrù, imú ẹ̀ ń wo sílíìnì. Mo rántí pé ìwé inú páálí ẹ̀ sọ pé kí n ki nǹkan tó wúwo sí imú ẹ̀, mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ ni. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Àbúrò, kì í ṣe ẹni tó bá fẹ́ o. Bàálù gidi, ẹ́ńjìnì Allison méjì ló gbé síwájú, onísílíńdà 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbọn .50 mẹ́rin àti kánọ́ọ̀nù 20 mm kan tún wà nímú ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọta wọn, ẹrù yẹn ló ń fa iwájú wálẹ̀. Tìẹ ńkọ́, rọ́bà lásán ni látòkè délẹ̀, imú ṣófo, ẹ́ńjìnì ṣófo, ìrù nìkan ló wá gùn gbọọrọ. Táyà ńlá méjì abẹ́ búùmù ló dà bí ojú ìwọ̀n, bí ẹ̀yìn bá fi wúwo ju iwájú lọ, yóò jókòó ni, kò sí àdúrà tó máa gbé e dìde.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì lẹ tiyín, ẹ fi sẹ́lótéèpù di gbogbo ẹ̀ pọ̀ láìfi gúlù kankan sí i, ẹ gbé e lé pẹ́ńsùlù kan níbi tí táyà ńlá máa wà gan-an, ẹ wá máa kó nǹkan tó wúwo sí imú díẹ̀díẹ̀ títí imú á fi tẹ̀ síwájú. Tó bá ti tẹ̀, ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ tún fi díẹ̀ lé e, torí ọ̀dà àti àwọn pátì kéékèèké tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ ìrù lẹ́yìn ìgbà yẹn náà ń wúwo, ibi tí mo ti kùnà nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ó tẹ̀ lọ́sàn-án, mo kùn ún tán lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, ó ti jókòó.

Èmi kì í ra nǹkan kan fún un. Mẹkáníìkì àdúgbò ni mo máa ń lọ bá pé kó fún mi ní bọ́ọ̀lù inú bíárìn tó ti kú, irin ni, ó wúwo, ó sì kéré. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, imú, ẹ́ńjìnì òsì, ẹ́ńjìnì ọ̀tún, àmọ́ gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú táyà o, èyí tó bá kọjá táyà lọ sẹ́yìn, ìrù lẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ fi epóksì dè é, ìyẹn gúlù onítúúbù méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, kó má bàa máa ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú ẹ̀ bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ òjé táwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n lẹ rí, ó dáa, àmọ́ ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn ẹ̀, ẹ má sì fi gúlù funfun àwọn káfíńtà lẹ̀ ẹ́ láéláé. Gúlù yẹn máa ń jẹ òjé díẹ̀díẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti wọlé, òjé á máa wú, lọ́jọ́ kan imú bàálù á là fúnra ẹ̀.

Ìwọ tó ti parí tìẹ, dà á dojú bolẹ̀, wo ihò tí ẹsẹ̀ iwájú ti jáde. Nínú ọ̀pọ̀ kíìtì, òkè ihò yẹn gan-an ni ibi tó ṣófo nínú imú wà. Rọra lu ihò kékeré síbẹ̀, kó àwọn bọ́ọ̀lù tó kéré jù wọlé níkọ̀ọ̀kan, fi epóksì tẹ̀ lé e, kó o wá gbé imú kọ́ sísàlẹ̀ di àárọ̀. Tó bá ṣì ku díẹ̀, yọ fáànù iwájú ẹ́ńjìnì, ìdérí tó dà bíi fìlà tó wà láàárín ẹ̀ máa ń ṣófo, ó gba ìwọ̀nba òjé, ó sì jìnnà síwájú dáadáa. Tó bá kọ̀ pátápátá, lẹ táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ pákó kan, kùn ún bíi pápá ọkọ̀ òfuurufú, ta ló máa bi ẹ́.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, búùmù tèmi ò dọ́gba. Mo lẹ tọ̀tún, mo jẹ́ kó gbẹ, mo lẹ tòsì, òun náà gbẹ, ìgbà tí mo wá fẹ́ ki ìyẹ́ ìrù sáàárín wọn, àyè ẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ bíi mìlímítà mẹ́ta. Mo fún un pa pọ̀ tipátipá, ó wọlé lóòótọ́, àmọ́ tí mo bá wò ó látẹ̀yìn, ìrù dà bíi bẹ́ńṣì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú.

Ìdáhùn: Kì í ṣe ìrù ló bàjẹ́ o, ibi ìyẹ́ ló ti bàjẹ́, ìrù ló kàn wá tú àṣírí ẹ̀. Búùmù yẹn gùn, tó bá fi ìwọ̀n irun yà níbi tó ti pàdé ìyẹ́, kó tó dé ìdí ẹ̀ ó ti di mìlímítà méjì mẹ́ta. Àwọn bàálù onírù kan, tó bá wọ́ díẹ̀ èèyàn ò ní mọ̀, èyí ò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ níwájú, búùmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìyẹ́ ìrù lẹ́yìn, férémù fèrèsé ni, igun kan ò lè wọ́ kí igun yòókù má mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí náà ẹ má lẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ máa jẹ́ kó gbẹ, gbogbo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ gbẹ pọ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo kọ́kọ́ máa to gbogbo ẹ̀ láìfi gúlù, pẹ̀lú téèpù, mo sì máa wo ibi tó ti ń kọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà rọ́bà kékeré tó yọ jáde lára pátì níbi tí mo ti gé e kúrò lára férémù tó so àwọn pátì pọ̀ nínú páálí ló ń dí i, màá fi fáìlì èékánná há a kúrò. Ìgbà tó bá wọlé wẹ́rẹ́ láìfipá ni màá tó mú gúlù. Gúlù tí wọ́n ń tà fún módẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ lò o, èyí tó ń yọ́ rọ́bà mọ́ra wọn, torí ó máa fún yín láyè láti tún un ṣe, súpágúlù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo máa lẹ búùmù méjèèjì mọ́ ìyẹ́, kí ibẹ̀ tó le ni màá ti ki ìyẹ́ ìrù sáàárín wọn tòun ti gúlù tiẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n. Gbé e sórí gíláàsì tó tẹ́jú, fi páálí ìṣáná tó dọ́gba ti búùmù méjèèjì nísàlẹ̀. Mú òwú, wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó ìyẹ́ òsì dé ìdí búùmù ọ̀tún, tún wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó ìyẹ́ ọ̀tún dé ìdí búùmù òsì, òwú kan náà gbọ́dọ̀ tó méjèèjì geere. Tí ọ̀kan bá gùn jù, rọra ti búùmù méjèèjì sápá kan títí wọ́n á fi bára mu. Lẹ́yìn ìyẹn, fi rúlà wọn ṣóńṣó ìyẹ́ méjèèjì sí gíláàsì, torí ìyẹ́ P-38 máa ń gbé ṣóńṣó sókè díẹ̀, ìyẹ́ ìrù ló tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹ má wá fi tìrù ṣe àpẹẹrẹ fún tiwájú o. Tó bá ti dọ́gba, fi téèpù dè é, kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín, ẹ má fọwọ́ kàn án di ọjọ́ kejì.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ẹ ṣeun. Èmi àti ọmọ-ọmọ mi la jọ ń to tiwa. Súpágúlù la fi lẹ búùmù òsì, ó wọ́, ó sì ti gan. Ìyá ẹ̀ ní òun ní asítóónù tí òun fi ń nu ọ̀dà èékánná, pé ó máa yọ ọ́.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí asítóónù yẹn sún mọ́ ọn. Lóòótọ́ ó ń yọ súpágúlù, àmọ́ rọ́bà yẹn náà ló máa jẹ, kí ẹ tó ṣẹ́jú búùmù á ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Fírísà ni kẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan tàbí di ilẹ̀ mọ́. Súpágúlù kì í fẹ́ òtútù, ó máa ń gan, á wá rọrùn láti ṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti ń yọ ọ́ jáde ni kẹ́ ẹ ti rọra yí i lójú ìpàdé ẹ̀, tí NEPA bá ti jẹ́ kí fírísà yẹn dì dáadáa, ẹ máa gbọ́ kó ró «pá». Ẹ há gúlù àtijọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó tún un lẹ̀.

Ìbéèrè: Tèmi ò wọ́ níbi gúlù o, búùmù fúnra ẹ̀ ló tẹ̀ kọdọrọ. Mo gbàgbé páálí ẹ̀ sínú mọ́tò lọ́sàn-án.

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́. Òòrùn tó tẹ̀ ẹ́, omi gbígbóná ló máa tò ó. Èyí tó gbóná bí omi tí wọ́n fi ń po ẹ̀kọ mu, kì í ṣe èyí tó ń hó o, èyí tó ń hó á ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Rì í sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, fi ìka tò ó, dì í mú bẹ́ẹ̀, kó o wá tì í bọ omi tútù. Ó lè gba ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìlàjì méjì ni búùmù kọ̀ọ̀kan, lẹ wọ́n pọ̀ kó o tó rì í, tó bá jẹ́ ìlàjì kan lo tò, èkejì á kọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Ojú ìlẹ̀mọ́ ń hàn gbọọrọ lórí búùmù látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo kùn ún tán ló tún wá burú sí i.

Ìdáhùn: Ọ̀dà kì í bo nǹkan, ńṣe ló ń fi hàn. Súpágúlù díẹ̀ tí ẹ pò mọ́ pọ́dà ọmọdé, ẹ fi kun ojú ẹ̀, kí ẹ sì fi sáńpépà olómi ha á lọ́jọ́ kan náà, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ dọ̀la ó máa le ju rọ́bà lọ, rọ́bà lẹ máa há, gúlù á dúró. Àwọn kan ń lo bọ́dífílà àwọn panẹ́bítà, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, tó bá nípọn ó máa ń yọ́ rọ́bà tín-ín-rín.

Ìbéèrè: Gíláàsì ilé awakọ̀ ti funfun bí ẹni pé ìrì sẹ̀ sí i.

Ìdáhùn: Èéfín súpágúlù ni. Gúlù funfun káfíńtà tí mo ní kẹ́ ẹ má lò fún òjé yẹn, ibí ni iṣẹ́ ẹ̀ wà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ní mo fi fáànù sódì. Ṣé fáànù ní òsì àti ọ̀tún ni?

Ìdáhùn: Ó ní o! Tó o bá jókòó síbi awakọ̀, fáànù òsì ń yí sápá òsì, tọ̀tún ń yí sápá ọ̀tún, lókè ńṣe làwọn méjèèjì ń sá fún awakọ̀. Bí wọ́n ṣe ń yí lódìkejì ara wọn yìí ni kì í jẹ́ kí bàálù fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. XP-38 àkọ́kọ́ pátápátá nìkan ni tiẹ̀ yí wá sáàárín, àwọn tí Britain kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe fáwọn náà, méjèèjì ń yí sápá kan, wọn ò sì ní turbo, ẹ̀rọ tó ń fún ẹ́ńjìnì lágbára lókè réré, àwọn òyìnbó yẹn tẹ́sì ẹ̀, wọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Wo bléèdì tìẹ, etí tó nípọn ló ń ṣíwájú, etí tó mú ló ń tẹ̀ lé e. Tó o bá ti wà níbẹ̀, wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì tó kọjú sí awakọ̀, wọ́n máa ń dán ojú ibì kan níbẹ̀ bíi dígí kí awakọ̀ lè fi wo ẹsẹ̀ iwájú bóyá ó ti jáde. Gé fóìlì ìdáná kékeré lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbàgbé ẹ̀, èmi ni mo sì fẹ́ràn ẹ̀ jù lára bàálù yẹn.

Ìbéèrè: Mo fi ọ̀dà alágolo fín in lánàá, òjò ń rọ̀, gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ wá ní kùrukùru funfun.

Ìdáhùn: Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló wọnú ọ̀dà kó tó gbẹ. Má há a kúrò. Dúró dọjọ́ tí òjò ò sí, lọ́sàn-án, gbọn agolo yẹn dáadáa, fín ọ̀dà kan náà lé e fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ látòkèèrè, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kùrukùru yẹn máa ń wọlé padà. Tí kò bá lọ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, fi sáńpépà tó kúnná jù gbà á lójú, fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó o tó tún un kùn.