Bí A Ṣe Ń Fi Ásíìdì Sínú Oúnjẹ Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀ Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Já Lẹ́nu Ọmú

Ọ̀pọ̀ ló ra ásíìdì fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti ásíìdì. Oúnjẹ tí wọ́n pò ó mọ́ ló ti pa agbára rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ nínú ẹranko. Oúnjẹ ni ká kọ́kọ́ tún ṣe.

Nígbà tí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ń mu ọmú, àwọn bakitéríà tó dára máa ń sọ ṣúgà inú wàrà di lactic acid, ìyẹn ló ń jẹ́ kí inú àpòlúkù rẹ̀ máa kan. Tí a bá já a lẹ́nu ọmú ní ọjọ́ 21 sí 28, wàrà dá, oúnjẹ gbígbẹ dé, àpòlúkù náà kò sì tíì lè pèsè ásíìdì tirẹ̀ tó. pH (òǹkà tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan náà ṣe kan tó) tó yẹ kó wà láàárín 2 sí 3.5, níbi tí pepsin, èròjà tó ń da purotéènì, ti ń ṣiṣẹ́ jù, yóò gòkè kọjá 4, nígbà mìíràn yóò lé ní 5. Purotéènì kò ní dà tán. Èyí tí kò dà yóò wọ inú ìfun lọ, E. coli, bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, yóò sì fi ṣe oúnjẹ. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni ásíìdì tí a fi kún oúnjẹ ń ṣe. Ó ń fa pH wálẹ̀, kí oúnjẹ lè dà. Ó sì tún ń wọ inú bakitéríà búburú lódindi, yóò wá tú ká níbẹ̀, bakitéríà náà yóò máa ná gbogbo agbára rẹ̀ láti lé e jáde títí tí kò fi ní lè bí sí i mọ́. Lactobacillus, ọ̀kan lára àwọn bakitéríà tó dára, fara dà á, E. coli àti Salmonella tí wọ́n jẹ́ búburú kò lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tún oúnjẹ ṣe

Nínú gbogbo ohun tí a ń pò, limestone (òkúta lílọ̀ tí a fi ń pèsè kálísíọ̀mù) wà lára àwọn tó ń pa ásíìdì jù lọ. Zinc oxide náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. (Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòpin sí lílo zinc oxide gẹ́gẹ́ bí oògùn fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2022.) Sóyà àti ẹja lílọ̀ tẹ̀ lé wọn, àgbàdo kò pa á púpọ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a já wọn, ẹ dín limestone kù. Ọ̀nà tó rọrùn ni calcium formate, ìyẹn iyọ̀ kálísíọ̀mù ti formic acid, nítorí pé kálísíọ̀mù inú rẹ̀ tó nǹkan bí 31%, ti limestone sì jẹ́ nǹkan bí 38%. Nínú oúnjẹ 100 kílò, ẹ yọ limestone gírámù 800 àti àgbàdo gírámù 200, kí ẹ fi calcium formate kílò 1 dípò wọn. Kálísíọ̀mù kò ní dín, ohun tó ń pa ásíìdì ti dín. Ẹ dín purotéènì náà kù sí 18 tàbí 19%, ṣùgbọ́n ẹ fi lysine, methionine, threonine àti tryptophan (àwọn amino acid, èròjà tí purotéènì fi ń di purotéènì) dí àlàfo rẹ̀. Tí ẹ bá kàn gé sóyà láìfi wọ̀nyí sí i, àwọn ọmọ náà kò ní dàgbà.

Èwo ni ká lò, báwo ló sì ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Fún oúnjẹ 100 kílò:

- citric acid tàbí fumaric acid: kílò 1 sí 1.5
- potassium diformate: gírámù 600 sí 1,200
- benzoic acid: gírámù 500, ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀
- sodium butyrate tí wọ́n fi ọ̀rá bò: gírámù 100 sí 300

Ọ̀kan ni kí ẹ mú, kì í ṣe gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ àdàpọ̀ ni ẹ rà, ohun tó wà lára àpò rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ pò oúnjẹ, fumaric acid ni a fara mọ́ jù: kì í fa omi afẹ́fẹ́, kì í sì dì bíi citric acid. Butyrate yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ìfun gan-an ló ń bọ́. Ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó ló ń jẹ́ kó débẹ̀, ó sì tún ń dín òórùn rẹ̀ kù. Formic acid olómi 85% kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ pò. Ó ń jó awọ ara, èéfín rẹ̀ sì ń pa ojú àti ọ̀fun lára.

Pípò rẹ̀

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú àti ojú, nítorí eruku ásíìdì gbígbẹ náà ń ta ojú. Ẹ jọ̀ ọ́ kí ó má ní kókó. Ẹ pò kílò 1 rẹ̀ mọ́ àgbàdo lílọ̀ kílò 4, lẹ́yìn náà ẹ pò kílò 5 yìí mọ́ 20 kílò mìíràn, kí ẹ tó dà á sínú gbogbo oúnjẹ. Fítámìn ní tirẹ̀, ẹ pò ó lọ́tọ̀ mọ́ àgbàdo mìíràn. Tí òun àti ásíìdì bá jọ wà pa pọ̀ láìsí ohun tó là wọ́n, agbára fítámìn yóò bàjẹ́. Ẹ má fi ohun èlò onírin tọ́jú ásíìdì, irin náà yóò dípẹtà.

Tó bá jẹ́ inú omi

Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jẹun lọ́jọ́ kìíní ṣì lè mu omi, ìyẹn ni àǹfààní ọ̀nà yìí. Ásíìdì tó ń yòrò dáadáa ni kí ẹ lò, bíi citric tàbí lactic. Fumaric kì í yòrò dáadáa.

Omi kò rí bákan náà níbi gbogbo, ẹ má kàn dá iye lé e. Ẹ bu lítà 10 láti ẹnu ẹ̀rọ ìmumi gan-an, ẹ máa fi ásíìdì olómi mílílítà 2 sí i, ẹ rò ó, ẹ fi pépà pH yẹ̀ ẹ́ wò, títí yóò fi wà láàárín 4 sí 4.5. Bí lítà 10 bá gba mílílítà 8, táńkì 1,000 lítà yóò gba mílílítà 800. Tó bá wálẹ̀ kọjá 3.8, wọn kò ní fẹ́ mu ún mọ́. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ, kí ásíìdì tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe da omi lé ásíìdì lórí. Ẹ má sì jẹ́ kí ó pàdé chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, èéfín tí yóò jáde ń pa ènìyàn.

Ẹ fọ páìpù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ásíìdì yóò tú ohun yíyọ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ìyẹn á sì dí ẹnu ẹ̀rọ ìmumi. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa tú omi tó ààbọ̀ lítà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ásíìdì tó kéré jù náà léwu, àwọn olú kéékèèké tí ojú kò rí nínú omi á rí i fi ṣe oúnjẹ. Oògùn sulfa, tó ń pa bakitéríà, lè sùn sísàlẹ̀ nínú omi kíkan, àjẹsára ẹlẹ́mìí tí a ń fún wọn mu sì lè kú nínú rẹ̀. Ẹ dá ásíìdì dúró, ẹ fọ páìpù kí ẹ tó lo èyíkéyìí nínú wọn.

Ìgbà tí a ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí a ń dáwọ́ dúró

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú oúnjẹ tí wọ́n ń tọ́ wò lẹ́bàá ìyá wọn, kí adùn rẹ̀ má ṣàjèjì sí wọn, ẹ sì máa bá a lọ di ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin lẹ́yìn tí a já wọn. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi oúnjẹ sílẹ̀, ẹ dín ásíìdì náà kù sí ìdajì, nítorí ọmọ tí kò jẹun kò lè rí àǹfààní kankan gbà.

Ásíìdì kò lè tún ilé tútù ṣe: àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já nílò ìwọ̀n ooru 28 sí 30°C. Kò sì wo coccidia, kòkòrò àìfojúrí inú ìfun, èyí tó máa ń mú ọmọ ọlọ́jọ́ 7 sí 14 yàgbẹ́ bí ìpara, kò sì wo rotavirus, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Bí ẹ bá rí ìpéǹpéjú tó wú tàbí ikú òjijì lára àwọn tó sanra jù, dókítà ẹranko ni kí ẹ pè lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá owó yín ń ṣiṣẹ́, ẹ fi ásíìdì fún yàrá kan, ẹ má fi fún èkejì, kí ọjọ́ orí àti ìwọ̀n wọn dọ́gba. Ẹ wọn wọ́n lọ́jọ́ ìjálẹ́nu-ọmú àti lọ́jọ́ kẹrìnlá, ẹ sì kọ iye àwọn tó ń yàgbẹ́ gbuuru sílẹ̀ láràárọ̀.