Ìkọ́ okùn orí káyáàkì tí kò dúró: ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí ooru bá ti mú díẹ̀ ní Ìlú Ọba níbí, tí àwọn èèyàn gbé káyáàkì plywood (ọkọ̀ ojú omi tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà) tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn sómi, ìpè á bẹ̀rẹ̀: ìkọ́ ti ṣí. Ìkọ́ tí mò ń wí ni àwọn kékeré tí okùn ń gba inú wọn kọjá yí òkè ọkọ̀ ká. Okùn yẹn ni ẹni tí ọkọ̀ bá dà sómi máa dì mú, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Mo ti dáhùn títí ẹnu ń ro mí. Ẹ ka èyí kí ẹ tó pè.

Ẹ̀gbọ́n, bóòtù tó di ìkọ́ mi mú ti dípẹtà.

Irin tí kì í tètè dípẹtà (stainless), èyí tí wọ́n kọ 316 sí, ni kí ẹ rà. Síkúrúù idẹ kò yẹ fún omi òkun. Iyọ̀ á jẹ zinc inú rẹ̀ títí kò fi ní lágbára mọ́.

Okùn ń gé níbi ihò ìkọ́.

Etí ihò ló mú. Sáńpépà.

Epoxy mi, gọ́ọ̀mù tí a ń po mọ́ hádínà kí ó tó le, kò le, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ṣé kí n fi hádínà kún un?

Ẹ má fi nǹkan kan kún un. Hádínà kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ tí èèyàn ń fojú bù. Ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe wà lára agolo, ẹ rò ó pọ̀ dé ìdí ife. Tí ibi iṣẹ́ yín bá tutù, ẹ gbé hítà wọbẹ̀. Èyí tí kò bá le lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ ha á kúrò.

Ìkọ́ ṣí, ó sì fa plywood ya.

Gọ́ọ̀mù yín dára nígbà náà. Pákó ni kò tó. Plywood òkè ọkọ̀ kì í sábà ju mílímítà 3 tàbí 4 lọ, ẹ sì di gbogbo agbára okùn lé ojú kan ṣoṣo. Ẹ lẹ ègé plywood mìíràn mọ́ abẹ́ rẹ̀ láti inú ọkọ̀, kí ó fi sẹ́ǹtímítà 4 tàbí 5 yọ kọjá ìkọ́ yí ká, kí ẹ sì fá etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìkọ́ ìrókò mi ṣí láìfa pákó kankan ya. Mo tún un lẹ̀, ó tún ṣí.

Èyí gan-an ló gba oorun lójú mi. Ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ni, tó rà lọ́wọ́ ẹni tó kàn án. Mo kọ́kọ́ fura sí gọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́kù sínú ife le koránkorán. Mo ní bóyá kílámù tí mo fi dì í mọ́lẹ̀ ló fún gọ́ọ̀mù jáde tán. Mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìkọ́ tún ṣí. Ìrókò ní òróró lára, nítorí náà mo fi acetone, omi tó ń fọ òróró kúrò, nù ún kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tún ṣí.

Ojú ibi tó ti ṣí ló wá sọ fún mi. Gbogbo gọ́ọ̀mù wà lára ìkọ́, ìdí rẹ̀ ń dán gbinrin. Ara ọkọ̀ kò ní nǹkan kan. Gọ́ọ̀mù di ìrókò mú, ọkọ̀ ni kò dì mú. Mo da omi díẹ̀ síbẹ̀, mo fọwọ́ pa á: ó ń yọ̀. Inú òtútù àti ọ̀rinrin ni epoxy tí wọ́n fi bo ọkọ̀ náà ti gbẹ, ohun kan tó dà bí ìda sì máa ń ti ara hádínà yọ sójú rẹ̀ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ojú kì í sábà rí i. Sáńpépà tí gbogbo èèyàn máa ń sáré mú, ńṣe ló ń pa á kiri. Acetone náà kò ràn án. Omi ló ń yọ ọ́: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti kànrìnkàn, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ nù ún gbẹ, lẹ́yìn náà ni sáńpépà nọ́ńbà 80. Ìkọ́ yẹn wà níbẹ̀ dòní.

Nítorí náà ẹ wo ojú ibi tó ṣí kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí gọ́ọ̀mù bá wà lára ìkọ́, ọkọ̀ ni kí ẹ fọ̀. Bó bá wà lára ọkọ̀, òróró igi ni. Acetone, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ bo imú tí ẹ bá ń ha ìrókò o, eruku rẹ̀ kò dára fún àyà.

Omi ń wọlé níbi bóòtù.

Bóòtù ń fara kan pákó ni. Ẹ lu ihò náà fẹ̀ tó mílímítà 10, ẹ fi epoxy tó ki dí i, kí ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lu ihò mílímítà 5 sí àárín rẹ̀.

Plywood ibẹ̀ ti dúdú, ó sì rọ̀.

Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ kíkàn jẹun. Mo mọ̀ pé ẹ ti wo fídíò. Ẹ ṣì gbé e lọ.

Ṣé a ò lè ṣe é láìlo bóòtù rárá?

Ó ṣeé ṣe. Látijọ́, okùn awọ séálì (ẹran inú òkun) ni àwọn Inuit, onílẹ̀ Greenland, máa ń ki bọ ihò tí wọ́n lu sára igi etí káyáàkì wọn. Tí ọkọ̀ yín bá ní igi etí nínú, níbi tí òkè àti ẹ̀gbẹ́ ti pàdé, ó nípọn tó fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ fi ọ̀rá wé ọ̀pá tó fẹ̀ tó mílímítà 8, nítorí epoxy kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, kí ẹ wé aṣọ fáíbà olóepoxy lé e. Bó bá le, ẹ fa ọ̀pá yọ, páìpù kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú ihò tó wọlé lókè ọkọ̀, tó gba inú igi etí kọjá, tó sì yọ sí ẹ̀gbẹ́. Okùn mílímítà 6 á gba inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ fi fáníìṣì bo ẹnu páìpù náà, nítorí oòrùn máa ń ba epoxy jẹ́.