Bí Ẹ Ṣe Lè Dènà Àkóràn Ìtọ̀ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìtọ̀ Jíjò

Nọ́ọ̀sì ni mí. Àwọn tí mò ń tọ́jú ni obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí ìtọ̀ tó ń jò bí wọ́n bá wúkọ́, bí wọ́n bá sín tàbí bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó lọ sílé, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi òùngbẹ pa ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ń ṣọ́ omi mu tipẹ́ kí ìtọ̀ má baà dójú tì wọ́n láwùjọ, ẹ̀rù yẹn kì í sì í tètè lọ. Ẹ̀yin ìyá mi, ìtọ̀ tó ń ṣàn dáadáa ló ń fọ kòkòrò jáde. Ẹ mu tó lítà 1.5 sí 2 lójúmọ́, àfi bí dókítà bá ní kí ẹ dín in kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín.

Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára obìnrin kúrú, bíi sẹ̀ǹtímítà 4 péré, kò sì jìnnà sí ihò ìdí tí kòkòrò E. coli ti ń wá. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ lè gbé kòkòrò náà wọlé. Bí ojú iṣẹ́ abẹ bá ṣì wú, tàbí tí okùn tí wọ́n fi gbé ọ̀nà ìtọ̀ ró bá le jù, ìtọ̀ kì í tán nínú àpò rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù: bí omi adágún ni, kòkòrò á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jókòó dáadáa bí ẹ bá fẹ́ tọ̀, ẹ má ṣe lóṣòó. Ẹ fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ẹ má fi agbára tì í. Bó bá dá, ẹ dìde, ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ tún jókòó. Ẹ ó rí i pé ó ṣì kù. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde rárá, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń le, ọsìbítù ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí rọ́bà ṣì wà lára rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àpò tí rọ́bà náà ń da ìtọ̀ sí gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju ikùn lọ, kó má sì kan ilẹ̀. Ẹ máa bi wọ́n nígbà gbogbo pé ìgbà wo ni wọn yóò yọ ọ́, torí bó bá ṣe ń pẹ́ lára ni ewu àkóràn ń pọ̀ sí i.

Ẹ máa nu ara láti iwájú sí ẹ̀yìn. Ẹ má ki ọṣẹ tàbí àgbo bọ ojú ara. Ẹ má jẹ́ kí ìgbẹ́ le. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró lè bi dókítà nípa ìpara oestrogen (èròjà ara obìnrin tó máa ń dín kù nígbà yẹn) tí wọ́n ń fi sójú ara. Ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Bí ìtọ̀ bá ń ta yín, tó ń rùn, tó dà bí omi ẹrẹ̀, tàbí tó ń gbọ̀n yín lemọ́lemọ́, ẹ má sáré lọ ra oògùn. Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ lè mú kí ìtọ̀ máa gbọ̀n yín láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, láìsí àkóràn kankan. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìtọ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ tó lo hóró oògùn kan ṣoṣo, kí wọ́n lè mọ èyí tó máa pa kòkòrò náà. Oògùn tó ṣẹ́ kù nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e mì. Èyí tí wọ́n bá kọ fún yín, ẹ lò ó tán.

Ibà tó dé 38°C, òtútù tó ń mú ara gbọ̀n, èébì, tàbí ìrora lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn ń sọ pé àkóràn ti lè dé kíndìnrín. Èyí kò ṣeé sùn dé òwúrọ̀.

Bí àkóràn bá ń padà wá ṣáá, ẹ ní kí wọ́n fi sikáànì wo iye ìtọ̀ tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀ tán. Bó bá jẹ́ okùn ni wọ́n fi ṣe tiyín, ó lè ti gún wọnú àpò ìtọ̀, kámẹ́rà tín-ín-rín ni wọ́n sì fi ń wò ó. Ẹ sọ fún dókítà tuntun èyíkéyìí pé okùn wà lára yín, kódà bó ti pé ọ̀pọ̀ ọdún.