Ọ́ìlì ti fáàfù yàtọ̀ sí gírísì o
Ẹ̀yin tí ẹ ń fọn trumpet, ọ́ìlì tó ṣàn bí omi ni fáàfù (àwọn mẹ́ta tí a ń fi ìka tẹ̀) ń fẹ́. Gírísì tó ki ni ti àwọn páìpù tí a ń fà láti fi tún ohùn ṣe. Ẹ má fi òróró ìdáná sí èyíkéyìí, ṣe ló máa dì síbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ọ́ìlì sí fáàfù, ẹ tú ìdérí òkè, ẹ fa fáàfù náà jáde dé ìdajì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i lára, kí ẹ tì í padà, kí ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dún "kẹ́". Bí kò bá tíì dún, kò tíì jókòó dáadáa. Nọ́ńbà wà lára àwọn fáàfù, 1 dé 3. Ẹni tó bá ki 1 bọ ihò 2 yóò fọn títí, atẹ́gùn ò ní kọjá, yóò wá máa pariwo pé fèrè òun ti bàjẹ́!

Kí ẹ tó fa páìpù kejì tàbí ìkẹta, ẹ tẹ fáàfù tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ná. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi fọ trumpet náà, torí omi gbígbóná lè bó ọ̀dà ara rẹ̀. Bí ibi tí a ń fẹnu sí bá há, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé pílíásì. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fèrè ṣe.